Ìgbàgbọ́ wa àti ìbò wa l'Óṣogbo: kí ló yẹ kí Kìrìsìtẹ́nì wò kó tó tẹ̀ka?

Tíṣà Òkè-Fìà (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nínú ìjọ wa, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò níbí, torí mo mọ̀ pé ìjọ tiwa nìkan kọ́ ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Lásìkò ìfilọ̀ lánàá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ dìde, ó ní ọmọ Ọlọ́run kankan kò gbọdọ̀ dìbò fún ẹnikẹ́ni tó bá fara mọ́ híjáàbù ní ilé ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ta ogún ìbí rẹ̀ bíi ti Ísọ̀. Púpọ̀ nínú ìjọ ṣe "Àmín". Èmi ò ṣe é.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò sọ pé ká fi ìgbàgbọ́ sílé ká tó lọ síbùdó ìdìbò. Ẹni tó bá lè bọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà, mi ò rò pé ìgbàgbọ́ náà ń ṣe é láǹfààní kan nínú ilé pàápàá. Ohun tí mò ń rò ni pé, ìbéèrè wo gan-an ni ìgbàgbọ́ fẹ́ ká bi olùdíje? Ṣé "ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ?" ni, àbí "báwo lo ṣe máa ṣe sí ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́?"

Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ híjáàbù yìí. Kò sọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé e síwájú wa lórí ìwé ìdìbò. Ilé-ẹjọ́ ló dá a. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni Adájọ́ Jide Falola ti ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́, níhìn-ín l'Óṣogbo, pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sọ ohun tó jọ ọ́ lórí ẹjọ́ ti Èkó. Adájọ́ márùn-ún ló fọwọ́ sí i, méjì kọ̀. Gómìnà tí a bá yàn lọ́la, ì báà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí, kò lè fọwọ́ pa ìyẹn rẹ́. Kí wá ni wọ́n ní ká fi ìbò wa ṣe?

Ẹ dákun, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin máa ń wò. Mi ò fẹ́ èébú níbí o.

Àgbà Onítẹ̀bọmi (Ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀)

Tíṣà, ọmọ mi, mo kí ọ. Ohùn rẹ tutù, èmi náà á sì fi pẹ̀lẹ́ dá ọ lóhùn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí àwọn ilé ìwé wọ̀nyẹn ṣe dúró. Owó ìjọ ni. Àwọn ìyá wa tó ń ta ẹ̀pà àti iyọ̀ ló ń dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ jọ lẹ́yìn ìsìn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. A rò pé bí àkóso bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa, orúkọ ilé ìwé àti ìwà tí a fi kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ á ṣì wà. Ìgbà tó di ayé Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ilé ìwé pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé Baptist Girls' High School tó wà l'Óṣogbo wa níbí, àwọn ènìyàn sì fẹ̀hónú hàn. Lẹ́yìn ìdájọ́ 2016 tí o wí yẹn, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì wọ aṣọ akọrin lọ sí kíláàsì ní Baptist High School n'Íwòó. Gbogbo Nàìjíríà ló rí wa lọ́jọ́ yẹn. Ojú tì mí fún gbogbo wa, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí.

Aṣọ orí kọ́ ni mò ń bá jà. Ohun tí mò ń wò ni bí ẹni tó wà lórí oyè ṣe ń ṣe sí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀. Bí wọ́n bá lè tún ohun tí bàbá wa kọ́ tò láì pè wá jókòó, kí ló kù tí wọn ò lè ṣe? O ní ilé-ẹjọ́ ló dájọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló ń yan kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́? Ta ló lè pe àwọn ìjọ tó dá ilé ìwé sílẹ̀ pé "ẹ wá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀"? Ta ló lè dá ilé ìwé padà fún ẹni tó ni ín? Gómìnà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo ẹ̀sìn olùdíje, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ọ̀dọ́ Ògo-Olúwa (Ọjọ́ Ajé, 10:22 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àkọsílẹ̀ ìdìbò kún ọ̀rọ̀ yín.

Lọ́dún 2014, ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ ilé ìwé ṣì gbóná, Ọmíṣore tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì sì bá Arẹ́gbẹ́ṣọlá du ipò. Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní ìbò 394,684, Ọmíṣore ní 292,747. Kìrìsìtẹ́nì ò kéré n'Ípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn nìkan la fi ń dìbò, mi ò rò pé àlàfo náà á tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ìbò ààrẹ ní 2023. Tinúbú àti Shettima, Mùsùlùmí méjèèjì. CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì Nàìjíríà, ti pariwo láti 2022 pé àwọn ò fẹ́ irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tí orúkọ wọn rinlẹ̀ jù, Peter Obi nìkan ni Kìrìsìtẹ́nì. Kí ni Ọ̀ṣun ṣe? Atiku ní 354,366, Tinúbú ní 343,945, Obi ní 23,283. L'Ékòó, Obi ló borí, 582,454 sí 572,606 ti Tinúbú. Nítorí náà ohun tí wọ́n ń sọ lórí pẹpẹ l'Óṣogbo àti ohun tí à ń tẹ̀ka sí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Lójú tèmi, ààbọ̀ owó oṣù tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san fún òṣìṣẹ́ ní 2015 ló yí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn padà nípìnlẹ̀ yìí, ó sì lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lọ. Ẹni tí kò rí owó oṣù gbà kì í béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni gómìnà ń lọ.

Bàbá, ẹ ní gómìnà ló lè dá ilé ìwé padà. Nígbà tí Tinúbú jẹ́ gómìnà Èkó, ó dá ilé ìwé padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n. Mùsùlùmí ni. Obi náà ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ánámbra, Kìrìsìtẹ́nì lòun. Ẹ̀sìn wo la fẹ́ sọ pé ó ṣe é?

Àgbà Onítẹ̀bọmi (Ọjọ́ Ajé, 10:50 àárọ̀)

Ti Èkó yẹn, òtítọ́ lo sọ, n kò ní bá ọ jiyàn. Àmọ́ ohun tí Tinúbú ṣe l'Ékòó, ta ló ṣe é l'Ọ́ṣun?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun (Ọjọ́ Ajé, 12:15 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè. Mùsùlùmí ni mí, mo mọ̀ pé àwọn Kìrìsìtẹ́nì la kọ àkọlé yìí sí, ṣùgbọ́n àwa la wà lẹ́nu yín níbí, kò sì yẹ kí n dákẹ́.

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àbúrò ìyá mi jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì ní Onítẹ̀bọmi, òun ló tọ́ mi fún ọdún pípẹ́. Mo mọ orin yín. Ọdún iléyá kì í kọjá kí n má gbé ẹran lọ sílé wọn, Kérésì kì í kọjá kí ìrẹsì wọn má dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọbìnrin mi ń lọ sí ilé ìwé ìjọba. Ó ń lo híjáàbù nílé, ó ń lò ó lọ́jà, ó ń lò ó nílé kéú. Kí ló fà á tó fi máa ṣí i kúrò lórí kó tó lè kọ́ ìṣirò ní ilé ìwé tí owó orí tèmi náà ń tọ́jú? Mi ò ní kó wọ̀ ọ́ láti fi yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ kan wà lábẹ́ aṣọ tí à ń jiyàn lé lórí yìí.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló ń gbọ́ irú ìwàásù yìí o. Ọjọ́ Jímọ̀ kan bàyìí, ẹnìkan gba ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun, ó ní dandan ni kí Mùsùlùmí dìbò fún Mùsùlùmí. Mo bínú. Lọ́dún 1993, Abíọ́lá àti Kingibe, Mùsùlùmí méjèèjì, la dìbò fún, Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá sì tú jáde fún wọn. Nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò náà, inú ìrora kan náà ni gbogbo wa wà. Kò sẹ́ni tó bi wá pé mọ́ṣáláṣí ni àbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Aládìrẹ Ọjà Ọba (Ọjọ́ Ajé, 2:03 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò kàwé púpọ̀, ìjọ C.A.C. ni mò ń lọ, àdìrẹ ni mò ń tà.

Ohun tí wọ́n ń sọ ní ìjọ tiwa kì í ṣe híjáàbù. Ọdún Ọ̀ṣun ni. Wọ́n ní gómìnà tó bá ti ń yọjú sójú agbo níbi ọdún Ọ̀ṣun, ẹ má dìbò fún un. Ẹ wò ó, mi ò bọ Ọ̀ṣun rí, mi ò sì ní bọ ọ́. Jésù nìkan ni mo mọ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí àjọ UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005, àlejò ń wá láti ibi gbogbo ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n ń ra aṣọ. Òṣogbo ìlú aró, ibo ni wọ́n fẹ́ kí aró náà ti rí oníbàárà? Gómìnà gbogbo ìlú ni gómìnà. Bó bá lọ sójú agbo Ọ̀ṣun, tó lọ sí yídì, tó wá sí àpéjọ wa náà, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó bá máa tún ọ̀nà ọjà wa ṣe, tí kò ní jẹ́ káwọn agbowó orí máa ṣe wá bó ṣe wù wọ́n, òun ni mò ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi hàn mí.

Ará Houston (Ọjọ́ Ajé, 4:31 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òròkí. Jálẹ̀yẹmí ni wọ́n ti bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà n'Ílùú Amẹ́ríkà, mo sì ń dìbò níbí.

Ohun tí Tíṣà sọ pé wọn ò gbé e síwájú wa lórí ìwé ìdìbò yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Níbí, wọ́n máa ń gbé e síwájú ènìyàn nígbà mìíràn. Ní oṣù Kẹfà 2022, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ 1973 tó fàyè gba ìṣẹ́yún padà, wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe òfin tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n ní káwọn ará Kansas dìbò bóyá kí wọ́n yọ ààbò tó wà fún un kúrò nínú òfin ìpínlẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ kọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Kansas bí nǹkan míì. Ní Texas tiwa, a ò dìbò sí i rárá. Àwọn aṣòfin ló fi òfin dè é pátápátá àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu.

Èmi gbà pé ẹ̀mí ni oyún inú. Orí ẹ̀ ni mo ti ń dìbò láti ìgbà tí mo ti di ọmọ onílùú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí mò ń dìbò fún nítorí ọmọ inú oyún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí àlejò àti àtìpó máa ń mú kí n sunkún. Nínú ìjọ Yorùbá tí mò ń lọ níbí, àwọn kan ò sùn dáadáa nítorí ìwé ìgbélùú. Ẹgbẹ́ kejì ń sọ̀rọ̀ àtìpó dáadáa, wọn ò sì ka ọmọ inú sí nǹkan kan. Bíbélì kan náà ló ní ká dáàbò bo méjèèjì. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé tí ọ̀rọ̀ náà bá wà lórí ìwé ìdìbò ìgbàgbọ́ á rọrùn, kò rọrùn o. Mo máa ń gbàwẹ̀ kí n tó dìbò.

Nọ́ọ̀sì Ìgbóǹnà (Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́)

Bọ̀dá Houston, ẹ kú àfaradà. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́, mi ò lè dá yín lóhùn àfi ìgbà tí mo délé.

Òfin tiwa ní gúúsù níbí le ju ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yín lọ. Ẹni tó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14, obìnrin tó bá ṣe é fúnra rẹ̀, ọdún 7. Kìkì iṣẹ́ abẹ tí a fi fẹ́ dá ẹ̀mí ìyá sí ni òfin fàyè gbà. Láyé ìjọba àmúnisìn ni wọ́n ti kọ ọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Mi ò gbọ́ kí olùdíje kan l'Óṣogbo ní kí wọ́n tú u ká rí. Síbẹ̀, àwọn oníwàásù kan á dúró lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìbò, wọ́n á ní "ẹ má dìbò fún àwọn apọmọ". Àwọn wo?

Èmi náà lòdì sí ìṣẹ́yún, mo fi ẹ̀rí ọkàn mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ò dá a dúró. Àwọn ọmọbìnrin ń lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń mu ohun tí wọn ò mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ti lọ púpọ̀, tàbí ilé ọmọ ti bàjẹ́. Mo ti di ọwọ́ ọmọdébìnrin kan mú tó ń bẹ̀ mí kí n má sọ fún pásítọ̀ wọn. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rù o, pásítọ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ́dọ̀ mi pé òun fẹ́ dáàbò bo ẹ̀mí, ohun tí mò ń bi í ni pé: ṣé agbẹ̀bí á wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù wa lóru? Ṣé oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ á wà níbẹ̀? Ṣé ọmọ iléèwé tó lóyún á lè padà sí kíláàsì lẹ́yìn tó bá bímọ, àbí ayé rẹ̀ parí nìyẹn? Ẹni tó bá lóun fẹ́ràn ọmọ inú, tí ilé ìgbẹ̀bí sì ṣókùnkùn lábẹ́ àkóso rẹ̀, èmi ò ní tẹ̀ka fún un, kódà bó bá ń fi èdè fọ̀.

Olùṣọ́-àgùntàn Dàdá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:58 àárọ̀)

Àlàáfíà Olúwa kó wà pẹ̀lú yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ lóru. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ rẹ nípa ọmọ tó bẹ̀rù pásítọ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ, mo gbé e lọ síwájú Ọlọ́run láàárọ̀ yìí. Ẹbí wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dúró lórí pẹpẹ. Òfin ìdìbò ò gbà kí á lo ilé ìsìn fún ìpolongo, kò sì gbà kí á fi gbé olùdíje kan ga tàbí kí á fi bu ẹgbẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jẹ́ pásítọ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè wàásù rẹ̀ ni ìwà tó yẹ aláṣẹ, ìyẹn sì wà nínú Ẹ́kísódù 18, ẹsẹ 21. Nígbà tí Jẹ́tírò ń bá Mósè sọ̀rọ̀, ó ní kó yan àwọn tó pegedé, tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó jẹ́ olóòótọ́, tó kórìíra ojúkòkòrò. Mẹ́rin ni. Ọ̀pọ̀ wa dúró síbi ìkejì, a sì ń ṣe bí ẹni pé ẹlẹ́sìn wa nìkan ló bẹ̀rù Ọlọ́run. A ò dé ibi ojúkòkòrò. Bẹ́ẹ̀ Jẹ́tírò tó sọ ọ́ gan-an, àlùfáà Mídíánì ni, kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì.

Ẹ̀yin ará, ohun tó ń pa ẹ̀rí wa l'Ọ́ṣun ni "dìbò kí o sebẹ̀". Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo òru gbàdúrà kí Ọlọ́run má gba Mùsùlùmí láyè, tó sì gba owó nídìí ìbò láàárọ̀ lọ́wọ́ Kìrìsìtẹ́nì tó ń jalè. Àwọn olùdíje ti gbé ẹ́ńfílọ́ọ̀pù wá fún mi "fún iṣẹ́ ilé Ọlọ́run". Mo dá a padà, àwọn àgbà ìjọ bá mi wí, torí òrùlé wa ń jò nígbà náà. Kí la fẹ́ fi ẹnu wa sọ lórí híjáàbù lẹ́yìn tí a bá ti gba irú owó yẹn?

Òfin tó dènà ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014, gbogbo ẹgbẹ́ ló gbà á. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi dẹ́rù bà wá nígbà ìbò, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ fagi lé e. Mo ti wá gbà pé bí wọ́n bá ti ń fi ohun tí kò sí nínú ewu dẹ́rù bà mí, nǹkan míì wà tí wọn ò fẹ́ kí n béèrè.

Àgbà Onítẹ̀bọmi (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Pásítọ̀, mo gba ti owó. Mi ò gba kọ́bọ̀ rí nídìí ìbò.

Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó yẹ ká bẹ̀rù. Ní oṣù Kìíní 2025, ṣebí ẹ gbọ́ ti ìgbìmọ̀ Ṣàríà tí wọ́n fẹ́ ṣí ní ìlú Ọ̀yọ́? Ọ̀yọ́ ò jìnnà sí wa. Lónìí ìgbìmọ̀, lọ́la ilé-ẹjọ́. Kí ni kí n ṣe? Kí n máa dìbò bí ẹni pé n kò gbọ́?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀)

Bàbá, ìgbìmọ̀ yẹn, Mùsùlùmí tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun parí ọ̀rọ̀ ogún tàbí ìgbéyàwó ló wà fún. Wọn ò lè pe Kìrìsìtẹ́nì lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà máa ń parí ẹjọ́ láàárín ara yín nínú ìjọ. Mo mọ̀ pé ọkàn yín ò balẹ̀, mi ò fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó mi ló fẹ́ ìpín rẹ̀ nínú ogún bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló máa fẹ́ lọ.

Ọ̀dọ́ Ògo-Olúwa (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀)

Ibi tí mo fẹ́ ká dé nìyí. Ìwé òfin 1999, abala 275, sọ pé ìpínlẹ̀ èyíkéyìí tó bá fẹ́ lè ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà. Abala 10 sì ní ìjọba kankan ò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ti ìpínlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ wáyé l'Ọ́ṣun, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jókòó lé e lórí. Ọmọ ilé 26 ni wọ́n. Bàbá, ẹ dárí jì mí: ta ni aṣojú yín níbẹ̀? Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹyọ ẹnìkan ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo àdúrà àti ariwo wa, orí gómìnà ló ń parí sí. Ẹni tó ń ṣe òfin gan-an, ẹgbẹ́ òṣèlú la fi ń tẹ̀ka fún un, a ò tiẹ̀ ka orúkọ rẹ̀.

Àgbà Onítẹ̀bọmi (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:11 àárọ̀)

Mo mọ orúkọ rẹ̀. Àmọ́ n kò bi í léèrè nǹkan kan rí. Ìyẹn ni n kò ní jiyàn rẹ̀.

Tíṣà Òkè-Fìà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti ń kà á láàárín kíláàsì láti àná.

Bàbá, ẹ gbà mí láyè kí n dá yín lóhùn lórí dídá ilé ìwé padà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti wúwo jù. Ilé ìwé tí wọ́n dá padà l'Ékòó, àwọn òbí ń san owó níbẹ̀ báyìí, owó náà ò sì kéré. Mo mọ iyì tí ìjọ dá padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ wà tí bàtà wọn ti já, tí ìyá wọn ń ta omi ní Old Garage. Púpọ̀ nínú wọn, Kìrìsìtẹ́nì ni. Bí a bá gba ilé ìwé padà lọ́la, kí ni ìjọ máa sọ fún ìyá wọn? Ìyá ẹlẹ́pà tó dá kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ jọ nígbà yẹn, ṣé kí ọmọ aláìní má bàa lè wọlé ló ṣe dá a jọ? Bí olùdíje kan bá sọ pé òun á dá a padà, tó sì sọ bí ọmọ aláìní ṣe máa ríbi jókòó nínú rẹ̀, màá gbọ́ tirẹ̀, ohunkóhun tí ì báà máa sìn.

Ohun tí mo wá gbà gbọ́ nìyí. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń pín wa níyà l'Óṣogbo, ìbò kọ́ ló ń parí wọn, adájọ́ àti aṣòfin ni. Ìbò tí mò ń dì ń yan ẹni tó máa dúró láàárín èmi àti aládùúgbò mi nígbà tí a bá ń jà. Nítorí náà mo fẹ́ ẹni tí màá lè fọkàn tán bí mo bá jẹ́ ẹni tí kò pọ̀ níye. Bí mo bá rí Kìrìsìtẹ́nì bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ló rí bẹ́ẹ̀, tí Kìrìsìtẹ́nì tó dúró kejú sí i sì ń jalè, ìgbàgbọ́ mi gan-an ló máa rán mi lọ tẹ̀ka fún Mùsùlùmí náà. Mi ò ní fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ mi.

Àgbà Onítẹ̀bọmi (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 alẹ́)

Bí méjèèjì bá jẹ́ olóòótọ́ ńkọ́?

Tíṣà Òkè-Fìà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 alẹ́)

Nígbà náà, Bàbá, màá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bó bá ṣe déédéé síbẹ̀, mi ò ní bá yín jà bí ẹ bá yan ẹlẹ́sìn yín. Ọkàn mi náà lè fà síbẹ̀. Àmọ́ mi ò ní pe ẹni tó yan ẹnì kejì ní Ísọ̀.

Àgbà Onítẹ̀bọmi (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 alẹ́)

Ó dáa. N kò tíì kúrò níbi tí mo wà lórí ilé ìwé o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́pà tí o sọ yẹn, ìyá mi ni, n kò sì ní èsì fún un lálẹ́ yìí.

Olùṣọ́-àgùntàn Dàdá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 alẹ́)

Mo ní àbá kan. Gbọ̀ngàn wa ṣí sílẹ̀, kì í ṣe inú ilé ìsìn, ilé ìpàdé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo àwọn tó fẹ́ ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà, ká bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Kò sí àdúrà ìyàsímímọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sí ẹ́ńfílọ́ọ̀pù. Tíṣà, ṣé o lè bá wa kọ ìbéèrè náà sílẹ̀?

Tíṣà Òkè-Fìà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 alẹ́)

Mo ti bẹ̀rẹ̀, sà. Ti Nọ́ọ̀sì nípa agbẹ̀bí lóru ló ṣáájú. Ti ilé ìwé tí wọ́n bá dá padà àti ọmọ aláìní tẹ̀ lé e. Màá fi ti Bàbá kún un: ṣé ẹ ó pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó kí ẹ tó yí nǹkan rẹ̀ padà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kan kún un. Nílé ìwé ọmọ mi, kò sí olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ Ìsìláàmù, kò sì sí èyí tó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ Bíbélì, àwọn ọmọ kàn ń jókòó ni. Ṣé wọ́n máa gba olùkọ́ méjèèjì? Ṣé èmi àti àǹtí mi díákónẹ́ẹ̀sì sì lè wá?

Tíṣà Òkè-Fìà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́)

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ máa bọ̀, ẹ mú àǹtí yín dání. Bàbá, bí ìwé tí ìjọ fi ra ilẹ̀ ilé ìwé yẹn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ bá wa mú un wá, ó yẹ kí àwọn olùdíje fojú ara wọn rí i.